Ènì Orí Apẹ̀rẹ̀ Ànàmọ́ ní Maryland

Wọn kò tíì pe ìrun àsùbáà nígbà tí a kúrò nílé ní Ìlọrà. Ojú ọ̀nà, nítòsí Ìbàdàn, ni a ti kí i. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó kírun pẹ̀lú wa. Ọgọ́fà náírà ló gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan dé Èkó, ó ní epo ti wọ́n. Ẹrù méjì ni mo gbé. Ọ̀kan jẹ́ aṣọ, èkejì jẹ́ èlùbọ́, irú, àti ẹ̀gúsí tí mo fọwọ́ ara mi bó. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà gba irú náà lọ́wọ́ mi. Obìnrin tó gbà á gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú padà, ó sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. N kò bínú sí i. Bí àlejò bá gbé irú wọlé tọ̀ mí wá tí n kò sì mọ ohun tó ń jẹ́, bóyá ohun tí èmi náà máa ṣe nìyẹn.

Nàfísátù, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí èmi kò kàwé. Ẹ̀yin ará Ìlọrà tí ẹ ń dá mi dúró lọ́nà lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ni mo rí lọ́hùn-ún, ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Muslimat, ọmọ mi obìnrin, ló ránṣẹ́ pè mí. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí New Carrollton, níbi tí oríṣiríṣi ọkọ̀ ojú irin ti ń pàdé: ọ̀kan ń lọ sínú Washington, ó sì ń gba abẹ́ ilẹ̀ bí òkété, òmíràn ń lọ sí ìlú òkèèrè. Iṣẹ́ alẹ́ ni Muslimat ń ṣe ní ọsibítù. Taofeek, ọkọ rẹ̀, ń wa takisí lọ́sàn-án. Bí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì ń jáde. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí ara wọn. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì gbọ́ Yorùbá bí mo bá sọ ọ́, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Èmi á mi orí, àwọn náà á mi orí, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan, ní mọ́sálásí tí àwọn ará Ìbàdàn àti Èkó pọ̀ sí, ni mo ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́ mi lọ́rùn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ní àdúgbò wọn ni koríko. Kò sí ilé tí kò ní koríko níwájú. Ènìyàn kì í jẹ ẹ́, ewúrẹ́ kò sí tó máa jẹ ẹ́. Wọ́n á gbìn ín, wọ́n á bomi rin ín, wọ́n á wá sanwó fún ẹni tó máa gé e. Ilẹ̀ dúdú tó dára, kò sí gbágùúdá kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Mo bi Muslimat bóyá mo lè fi ọkọ́ kọ ebè díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan. Ó ní onílé á lé àwọn jáde.

Ilá ló mú mi dé oko. Ní ọjọ́ Sátidé kan, Muslimat gbé mi lọ síbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Dọ́là kan ni wọ́n ń ta ilá fún ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní pọ́n-ùn, kò sì ju ìkúnwọ́ mẹ́rin lọ. Bí a bá sọ dọ́là kan yẹn di náírà, apẹ̀rẹ̀ ilá kan ló máa rà lójú ọjà tiwa. Mo mú ọ̀kan, mo ṣẹ́ ìdí rẹ̀ wò bí gbogbo wa ti ń ṣe, láti mọ̀ bóyá ó ti gbó. Muslimat gbá mi lọ́wọ́: "Ìyá, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí o!" Ṣùgbọ́n obìnrin tó ni àtẹ náà bú sẹ́rìn-ín. Ènìyàn dúdú ni, irun rẹ̀ ti funfun bíi tèmi.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó ní, Muslimat sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. "Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyẹn."

Míìsì Lusíìlì ni wọ́n ń pè é. "Míìsì" ni wọ́n máa ń fi síwájú orúkọ obìnrin tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀, ìbáà ti bímọ, ìbáà ti di opó. Nígbà tó gbọ́ pé àgbẹ̀ ni mí, ó ní òun máa wa ànàmọ́ lọ́jọ́ Ajé, bí ara mi bá gbé e, kí n wá. Ará Èkó ń pe ànàmọ́ ní kúkúńdùnkún. Ìkan náà ni. Ara mi gbé e. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó wo koríko.

Ní ọjọ́ Ajé náà, Muslimat ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà, ó gbé mi sọ́kọ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́. A kọ́kọ́ gba ọ̀nà ńlá kan tó yí gbogbo ìlú ká bí ìgbátí aṣọ. Mọ́tò ń sá lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lẹ́yìn náà a yà sí gúúsù, a kọjá Upper Marlboro, ọ̀nà sì di kékeré. Kò sí ihò kankan lójú ọ̀nà náà títí a fi dé. Mo ń retí rẹ̀, kò dé. Lọ́tùn-ún lósì ni àwọn ahéré gíga dúdú tí wọ́n fi pákó kàn, tí àlàfo wà láàárín pákó àti pákó. Inú wọn ni wọ́n ti máa ń sá tábà láyé àtijọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ahéré náà ni ilé tuntun ti ń hù, ọgọ́ọ̀rọ̀, gbogbo wọn jọ ara wọn bí ọmọ ìyá kan.

Muslimat ń ṣàlàyé oko náà fún mi bó ṣe ń wakọ̀, ó ń yán láàárín ọ̀rọ̀. Ó ní bàbá Lusíìlì ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún Lusíìlì àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Hẹ́ńrì. Ó ní wọ́n pín pápá ìsàlẹ̀ sí abala abala, wọ́n máa wọn ti ọ̀kan mọ́ ti èkejì lónìí. Ó tún sọ nǹkan nípa ajílẹ̀, ó yán, ó ní òun máa parí ẹ̀ tó bá yá. Bàbá kú, ọmọ méjì, ilẹ̀ tí a pín: ta ni ò mọ ìyókù? Mo ní ogún ni wọ́n ń pín.

Ohun tí mo bá lóko kò sì sọ pé irọ́ ni mo rò. Abala mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tó nà dé ìdí igbó. Wọ́n ri igi mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá rí èyí tí wọ́n so àkísà aláwọ̀ ewé mọ́, èyí tó tẹ̀ lé e á ní àkísà pupa, méjì méjì bẹ́ẹ̀. Lusíìlì ń wa ti àkísà aláwọ̀ ewé. Hẹ́ńrì, ọkùnrin gíga kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ń wa ti pupa. Ó bọ fìlà fún mi, ó sọ nǹkan kan.

"Kí ló wí?" mo bi Muslimat.

"Ó ní ẹ káàbọ̀ sí oko tó ti kú."

"Kí ló dé tó fi ń sọ̀rọ̀ báyìí láàárọ̀?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀," ló ní, ó sì lọ sùn sínú mọ́tò.

Wọ́n fún mi ní àpótí ìjókòó lábẹ́ igi. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fọwọ́ ra erùpẹ̀ kúrò lára ànàmọ́ tí wọ́n bá gbé wá nínú apẹ̀rẹ̀ pákó, kí n tò ó padà kó dára. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni tapólì kan wà tí wọ́n da èyí tí wọ́n wú ní etí oko sí, òkìtì ńlá, tí kò sí nínú ìpín ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí. Ọjà ni wọ́n bí mi sí. Mo to apẹ̀rẹ̀ Lusíìlì tán, mo wò ó, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí afárí. A kì í gbé òṣùwọ̀n tó tẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó gbà wá lálejò. Mo mì ín kó wọlẹ̀, mo mú ènì lórí tapólì, mo fi dé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sí gbogbo apẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ ewé tó wá sí iwájú mi. N kò fi sí ti Hẹ́ńrì. Ọkùnrin ni, ó lágbára, kò sì kí mi dáadáa.

Kí oòrùn tó dé àárín orí, wọ́n ti wa ìdajì oko, abala mẹ́rin, méjì ti Lusíìlì, méjì ti Hẹ́ńrì. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sábẹ́ òrùlé ahéré tábà, níbi tí ìwọ̀n irin kan so rọ̀ sí. Hẹ́ńrì fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀n. Wọ́n wọn méjì àkọ́kọ́, Lusíìlì pàtẹ́wọ́. Wọ́n wọn méjì kejì, ó fò sókè, obìnrin tí orúnkún ń dùn! Hẹ́ńrì wo ìwọ̀n náà títí, ó fọwọ́ gbá a wò bóyá ó ti bàjẹ́, ó sì bọ fìlà.

Wọ́n ní ká jẹun ná. Lusíìlì ti se ẹ̀fọ́ kan tí ewé rẹ̀ nípọn bí etí erin, ó fi tòlótòló yíyan sí i. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn máa ń fi sè é, ṣùgbọ́n nítorí wa òun kò jẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ sún mọ́ ìkòkò náà. Ó tún bu búrẹ́dì tí wọ́n fi àgbàdo ṣe fún wa, ó dùn, ó súnmọ́ àdàlú tí wọ́n yan. Hẹ́ńrì ń bu oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Lusíìlì ń nu ojú.

Muslimat ti jí. Mo fà á mọ́ra. "Kí ló ń dùn mọ́ obìnrin yìí tó báyìí? Ṣé torí pé ìpín rẹ̀ pọ̀ ju ti àbúrò rẹ̀ ni?"

"Ìyá, ìpín wo? Àwọn méjèèjì ló ni gbogbo ẹ̀. Ṣebí mo ṣàlàyé fún yín nínú mọ́tò?"

"O ń yán nínú mọ́tò."

Ó wá ṣàlàyé, ojú rẹ̀ là báyìí. Tábà ni wọ́n fi ọjọ́ ayé bàbá wọn gbìn sórí ilẹ̀ náà, ó sì fà á gbẹ. Hẹ́ńrì ní ó ti kú, láìsí ajílẹ̀ inú àpò kò lè so nǹkan, kí àwọn tà á fún àwọn tó ń kọ́ ilé. Lusíìlì ní kò kú, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Àwọn àgbẹ̀ kan wà ní àgbègbè náà tí wọ́n máa ń dán nǹkan wò lórí oko ara wọn, tí wọ́n á wá pàdé, tí kálukú á sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọ̀dọ̀ wọn ni Lusíìlì ti kọ́ ọ. Nígbà tí òtútù ń bọ̀, wọ́n gbin ewé kan tó ń fà nílẹ̀ sí abala aláwọ̀ ewé. Fẹ́ẹ̀ṣì ni wọ́n ń pè é, ìbátan ẹ̀wà ni. Ó máa ń bọ́ ilẹ̀. Nígbà tí òtútù lọ, wọ́n gé e dùbúlẹ̀, wọ́n gbin ànàmọ́ sí i láìfi ajílẹ̀ àpò kún un. Abala pupa, ajílẹ̀ àpò nìkan ni wọ́n fún un. Àdéhùn wọn ni pé bí ti fẹ́ẹ̀ṣì bá tó ti àpò tàbí ó jù ú, Hẹ́ńrì kò ní sọ̀rọ̀ títà mọ́. Bí kò bá tó o, Lusíìlì á tọwọ́ bọ̀wé. Torí náà ni Hẹ́ńrì tó ń ṣiyèméjì fi jẹ́ ẹni tó ń wọ̀n.

"Ó ti gbà báyìí," ni Muslimat wí. "Ó ní ilẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n máa gbin ẹ̀pà sí lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń sọ yẹn."

Mo dá búrẹ́dì àgbàdo padà sínú àwo.

"Muslimat."

"Mà?"

"Mo fi ènì sí i."

"Ẹ fi kí ni sí kí ni?"

"Apẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Gbogbo ẹ̀. Orí tapólì ni mo ti mú un."

Ó wò mí bó ṣe máa ń wo aláìsàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ abẹ́rẹ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká dákẹ́. Ta ló rí yín? Ilé obìnrin yìí nìyí. Bí wọ́n bá tà á, ibo lẹ fẹ́ kó lọ?"

N kò ní tàn yín, mo rò ó. Àlùfáà wa ti wàásù títí nípa ẹni tó ń dín òṣùwọ̀n kù. N kò gbọ́ kó wàásù nípa ẹni tó ń bù kún un rí. Ṣùgbọ́n mo wo Hẹ́ńrì. Ẹ̀fọ́ ló ń bù sí àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni mo jẹ́ kó gbà gbọ́.

"Sọ fún wọn," mo ní.

"Ìyá..."

"Bí o kò bá sọ ọ́, mo lọ́wọ́."

Ó jókòó. Mo dìde, mo lọ síbi tapólì, mo mú ànàmọ́ mẹ́ta, mo kó wọn sórí apẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ ewé kan lójú gbogbo wọn, mo sì fọwọ́ lu àyà ara mi. Ni Muslimat bá mí kanlẹ̀, ó sọ ọ́ ní òyìnbó.

Lusíìlì fi ẹ̀wù ìdáná bojú. Hẹ́ńrì ni kò lè mú un mọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Lusíìlì," ó ní, "mo mọ̀ pé ọgbọ́n rẹ pọ̀. Mi ò mọ̀ pé o lè ránṣẹ́ dé Áfíríkà lọ mú ẹni tó máa bá ọ yí òṣùwọ̀n!"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, Hẹ́ńrì."

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó bi mí pé mélòó ni mo fi sí i, kí àwọn yọ ọ́. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n rántí. Mo ní ènì ni, ta ló ń ka ènì? Mo sì ti mi apẹ̀rẹ̀ náà, tòkè ti wọ inú tìsàlẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Lusíìlì ló dìde. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó dà á sórí tapólì. Ó da gbogbo rẹ̀, àti ti pupa tí wọ́n jọ wọ̀n, títí kò fi ku nǹkan kan nínú iṣẹ́ àárọ̀ wọn.  Ohùn ànàmọ́ tó ń já lu ara wọn nìkan là ń gbọ́.

Ó ku abala mẹ́rin. Hẹ́ńrì gbé àpótí mi kúrò lábẹ́ igi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n. "Ìyá, ẹ wá jókòó síbi tí ojú mi ti tó yín," ló ní. "Ọwọ́ yín lawọ́ jù." N kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Wọ́n wa méjì kẹta, wọ́n wọ̀n ọ́n: ti pupa fi díẹ̀ wúwo jù. Lusíìlì di igi ọkọ́ mú. Wọ́n wa méjì tó kẹ́yìn: ti aláwọ̀ ewé fi díẹ̀ wúwo jù.

Hẹ́ńrì tún un wọ̀n. Kò yí padà. Ó jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tó ṣófo.

"Láàárọ̀, mo mọ̀ pé ilẹ̀ yìí ti kú," ló ní. "Lọ́sàn-án, mo mọ̀ pé ó yè. Ní báyìí, mi ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀ kì í ṣe títà," Lusíìlì dáhùn.

"Kì í sì í ṣe àìtà. Ọdún kan, Lusíìlì. Ọdún kan péré."

"Nígbà náà, ìwọ ló máa fún irúgbìn fẹ́ẹ̀ṣì."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ. Ọwọ́ tèmi lè máa lawọ́ bí ti Ìyá."

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo kúnlẹ̀ fún Lusíìlì pé kó má bínú. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé mo ṣubú. Òun àti Muslimat fà mí dìde. Ó di ànàmọ́ kún àpò kan fún mi. Ó ní ká ní mo dákẹ́ ni, ọdún tó ń bọ̀ ni ilẹ̀ máa tú àṣírí náà, nítorí ilẹ̀ kì í fi ènì sí i fún ẹnikẹ́ni, Hẹ́ńrì á sì wá fi ìbínú tà á. N kò mọ̀ bóyá bó ṣe rò ó nìyẹn ní tòótọ́, tàbí ó kàn ń tù mí nínú. Bí a ṣe ń yí mọ́tò padà, mo rí i tó tún lọ dúró níwájú òkìtì tó dà sórí tapólì náà, tó ń wò ó.

Kí òtútù tó wọlé dáadáa ni mo padà. Nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfúrufú ṣí ní Èkó, ooru gbá mi lójú, mo ní al-hamdulilahi. Alẹ́ ni mo wọ Ìlọrà. Ẹ kún inú ilé, ẹ ń bi mí ní ti ilé gogoro.

Muslimat ti tẹ̀ mí láago lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà, ní ilé Àlhájì tó ní tẹlifóònù. Ó ní Hẹ́ńrì fún fẹ́ẹ̀ṣì náà lóòótọ́, ó ti hù, òtútù sì ti dà bò ó. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe máa rí.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi nìyí. Lásísì, àkọ́bí mi, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ilẹ̀ wa lódì kejì odò ti kú, ká lọ ṣí igbó tuntun. Mo máa ń sọ pé kò kú; ohùn mi á sì borí tirẹ̀, kì í ṣe nítorí pé mo wádìí, nítorí pé èmi ni ìyá. Nígbà tó tún dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo dé, mo ní: "Mi ò mọ̀." Ó gbé òkèlè sílẹ̀. Ó bi mí bóyá ara mi yá.

A pín ibẹ̀ sí abala. Èmi gbin ẹ̀wà sí tèmi ní ìparí òjò ọ̀wọ́rẹ̀, mo jẹ́ kí ewé rẹ̀ rà sínú ilẹ̀. Òun ra ajílẹ̀ fún tirẹ̀. Àgbàdo ló wà lórí méjèèjì báyìí. Tèmi tutù yọ̀yọ̀, tirẹ̀ ga ju tèmi lọ. A máa ń pàdé níbẹ̀ láàárọ̀, òun á wo tèmi, èmi á wo tirẹ̀, a ó sì máa sọ̀rọ̀ òjò.